Olùyẹ̀wò Gbọ́dọ̀ Fọwọ́ Kan Síìlì: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Òṣìṣẹ́ Láti Yẹ Ààbò Ọjà Tó Ń Lọ Òkè Òkun Wò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kó kòkó, kajú àti atalẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí ni bí ilé-iṣẹ́ ṣe lè kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti máa yẹ ààbò ọjà wò, láti ìgbà tí àpò bá ti kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí títí ọkọ̀ ojú omi yóò fi gbé e. Kòkó ni n óò máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ọjà tó ń gba Àkúrẹ́ àti Oǹdó wá sí Apápá ni ọ̀pọ̀ yín mọ̀ bí ẹni mowó. Ìlànà kan náà ló bá kajú àti atalẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dùn mí. Púpọ̀ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn olùyẹ̀wò, àwọn tí à ń pè ní ọ́dítọ̀ níbi iṣẹ́, inú yàrá tútù ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti ń parí. Wọn á fún èèyàn ní ìwé ìbéèrè tó ní "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́", wọn á fún un ní ìwé ẹ̀rí, ó tán. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á dé ẹnu géètì, á bi ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ pé, "Ṣé ẹ máa ń yẹ kọ̀ńténà òfìfo wò?" Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Á fàmì sí i. Kò yẹ nǹkan kan wò. Etí lásán ló lò. Ojú rẹ̀ kò rí i, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kàn án.

Kí ló dé tí àwọn oníbàárà wa lókè òkun fi ń béèrè irú àyẹ̀wò yìí? Lẹ́yìn ìkọlù September 11, 2001 ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ dá ètò kan sílẹ̀ ní oṣù November ọdún yẹn, tí wọ́n ń pè ní C-TPAT. Àdéhùn inú rẹ̀ ni pé oníṣòwò tó bá fi hàn pé òun ń ṣọ́ ọjà òun dáadáa, wọn ò ní máa tú ẹrù rẹ̀ wò lemọ́lemọ́. Ní July 1, 2004, ìlànà ààbò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISPS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi àti àwọn èbúté. Ní 2005, Àjọ Aṣọ́bodè Àgbáyé, WCO, gbé ìlànà SAFE jáde, inú rẹ̀ sì ni orúkọ AEO ti tàn káyé, ìyẹn oníṣòwò tí ìjọba fọkàn tán. Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2008. Níbí, òfin tuntun tó ń darí Kọ́sítọ̀ọ̀mù Nàìjíríà, tó jáde ní 2023, fàyè gba AEO, ètò náà sì ti gbéra.

C-TPAT fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi tí oníkòkó láti Oǹdó lè lọ forúkọ sílẹ̀ sí. Ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló wà nínú ètò náà, ètò náà sì ti sọ ọ́ di dandan fún un láti mọ bí ẹni tó ń tà fún un ṣe ń ṣọ́ ọjà. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìbéèrè gbọọrọ fi ń wọlé sórí í-meèlì yín. Ẹni tí yóò dáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ẹni tí yóò sì kó ẹ̀rí yẹn jọ ni a fẹ́ kọ́.

Olè tí à ń sọ yìí kì í sábà fẹ́ kòkó yín. Kọ̀ńténà tó lórúkọ rere ló ń wá, èyí tí aṣọ́bodè kò ní fura sí. Yóò já síìlì, ìyẹn ìdè tó ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn kọ̀ńténà, yóò ju báàgì oògùn olóró mẹ́ta mẹ́rin sẹ́yìn ilẹ̀kùn, yóò sì fi síìlì mìíràn tí wọ́n tẹ nọ́ńbà kan náà sí lára tì í. Síìlì kan tún máa ń wà nínú báàgì yẹn, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí yóò kó o ní èbúté kejì lè rí nǹkan fi tì í padà. Ẹni tó tà kò mọ̀, ẹni tó rà kò mọ̀. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà sí Yúróòpù ni ọgbọ́n yìí ti wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà náà wà lójú ọ̀nà wọn. Bí ọwọ́ bá sì tẹ ẹrù náà ní Amsterdam, orúkọ ta ni wọn yóò bá lórí bill of lading, ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fi ń jẹ́rìí sí ẹrù? Tiyín ni.

Ta ni kí ẹ wá kọ́? Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ á lọ mú ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n á ní òun ló mọ̀ nípa ààbò. Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń bi òṣìṣẹ́ léèrè bí ẹni pé ó ti jẹ̀bi, tí ẹnu gbogbo wọn á sì pa mọ́. Ẹ mú ẹni mẹ́fà: ẹnì kan láti ọ́fíìsì ìṣirò owó, ẹnì kan láti ilé ìkẹ́rùsí, ẹnì kan tó mọ kọ̀ǹpútà, ẹnì kan tó ń bá àwọn ejẹ́ńtì èbúté ṣe ìwé, ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́ sẹ́nu iṣẹ́, àti ẹ̀ṣọ́ kan tó lè kọ̀wé dáadáa. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ yẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wò. Ẹni tó ń kó síìlì pamọ́ kò lè jẹ́ ẹni tí yóò ka síìlì.

Ní ọjọ́ kìíní, ẹ má fún wọn ní ìwé ìbéèrè kankan. Ẹ fún wọn ní pátákó àti ṣọ́ọ̀kì, kí wọ́n ya ìrìn àjò kọ̀ńténà kan ṣoṣo, láti àgbàlá tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kó òfìfo sí títí dé orí ọkọ̀ ojú omi. Níbi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ẹni tí ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀, iye wákàtí tó lò níbẹ̀, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu. Ẹni tó gbé òfìfo jáde, onítírélà, ẹ̀ṣọ́ géètì, àwọn alábàárù, àwọn tó ń fín oògùn kòkòrò, àwọn aláyẹ̀wò ìjọba, onítírélà lẹ́ẹ̀kejì, páàkì tí ọkọ̀ ti ń dúró de ìpè lórí Ètò, ẹ̀rọ ìpè-ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, kí ó tó wá kan èbúté. Ọwọ́ mẹ́jọ mẹ́sàn-án ló ti kàn án, bẹ́ẹ̀ inú ìwé ilé-iṣẹ́, ọwọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n kọ.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì pupa yí gbogbo ibi tí ẹrù ti dúró sùn po. Ẹ wá sọ fún wọn pé kí wọ́n di olè fún wákàtí kan: "Ká ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi báàgì mẹ́rin sínú kọ̀ńténà yìí, níbo lẹ ó ti ṣe é, ta lẹ ó bá sọ̀rọ̀?" Àwọn àgbà ní olè ló mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Ìlànà ìgbésẹ̀ márùn-ún tí C-TPAT là sílẹ̀ kò ju èyí náà lọ: ya ìrìn ọjà, mọ ewu tó wà lójú ọ̀nà, wá ibi tí ó ti lè wọlé, kọ ohun tí ẹ ó ṣe sí i, kí ẹ sì kọ bí ẹ ṣe ṣe gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì, àgbàlá ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló ṣíwájú. Wọ́n sábà máa ń fín kòkó pẹ̀lú oògùn tó ń tú gáàsì phosphine jáde. Gáàsì tó ń pa kòkòrò yìí ń pa èèyàn. Kọ̀ńténà òfìfo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè ní ìyókù rẹ̀ nínú. Ẹ wo ilẹ̀kùn bóyá wọ́n lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ọn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì gbayawu, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì wò ó kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá ní ẹ̀rọ yẹn, kí ó rà á kí ó tó ra kámẹ́rà. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ dá wọlé. Bí ẹnì kan bá wà nínú, ẹnì kan á wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ojú méje ni wọ́n ń wò lára kọ̀ńténà: ìsàlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn nínú àti lóde, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, ògiri iwájú tó kọjú sí ilẹ̀kùn, òrùlé, àti ilẹ̀ inú. Ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n wò kí ọkọ̀ tó wọ géètì, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti dígí tó ní ọwọ́ gígùn. Gbogbo ọ̀pá irin tó dábùú ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn. Ibi tí wọ́n bá ti fi páànù bo àwọn ọ̀pá yìí, ẹ béèrè pé kí ni wọ́n bò.

Ògiri iwájú ni kí ẹ fi àkókò sí jù, torí òun ló jìnnà sí ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Inú kọ̀ńténà ẹsẹ̀ bàtà 20 gùn tó nǹkan bíi mítà 5.90, ti ẹsẹ̀ bàtà 40 gùn tó 12.03. Fífẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ 2.35, gíga wọn sì jẹ́ 2.39, èyí tí wọ́n ń pè ní high cube ga tó 2.69. Ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà kan méjì kì í ṣe bàbàrà, torí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan ló ń ṣe gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí téèpù bá ka 5.60 nínú èyí tó yẹ kó jẹ́ 5.90, sẹ̀ǹtímítà 30 ti sọnù. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po: 0.30 lọ́nà 2.35 lọ́nà 2.39, ààyè tó lé ní kúbíìkì mítà kan àbọ̀ ló wà lẹ́yìn ògiri èké yẹn. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ di téèpù mú. Kí ó fi òòlù kékeré kan ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irin tí atẹ́gùn wà lẹ́yìn rẹ̀ ń dún gbọnrangandan, èyí tí nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀ ń dún kúbú. Àwọn ihò atẹ́gùn kéékèèké tó wà nítòsí òrùlé náà: èyí tó hàn lóde gbọ́dọ̀ hàn nínú. Bí ó bá hàn lóde tí kò hàn nínú, ẹ dúró níbẹ̀. Ọ̀dà tuntun níbì kan ṣoṣo àti òórùn gúlúù jẹ́ ohun tí imú àti ojú lè mú kí téèpù tó dé ibẹ̀.

Lára ilẹ̀kùn, rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó irin tí kò ṣeé tú, tó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú ni olè ń dojú kọ. Yóò lu rífẹ́ẹ̀tì náà jáde, yóò yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú síìlì lára rẹ̀, yóò ṣílẹ̀kùn, yóò sì fi bóòtì tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dá a padà. Síìlì yín wà níbẹ̀ láìfarapa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ìka wá nọ́ọ̀tì tó ṣeé tú níbi tí kò yẹ kí nọ́ọ̀tì wà, kí ó sì wò bóyá àwọ̀ rífẹ́ẹ̀tì kan yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Tírélà fúnra rẹ̀ náà ní tirẹ̀: ìlànà ojú mẹ́tàdínlógún wà fún orí ọkọ̀ àti èyí tó ń fà, láti bọ́ńpà, táyà, táǹkì epo, dé abẹ́ ibùsùn dírẹ́bà. N kò ní ka gbogbo rẹ̀ níbí, ìwé rẹ̀ kò ṣòro láti rí.

Báwo ni olùyẹ̀wò yóò ṣe mọ̀ pé wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò ojú méje yìí nígbà tí òun kò sí níbẹ̀? Kí ó kó ìwé àyẹ̀wò kọ̀ńténà ọjọ́ kan jọ, kí ó sì wo àkókò. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ aago 8:10, tí èkejì jẹ́ 8:12, tí ẹ̀kẹta jẹ́ 8:14, ẹnì kan jókòó kọ ọ́ ni. Kò sí ẹni tó lè wo ojú méje ní ìṣẹ́jú méjì. Kí ó tún fi régísítà géètì wé e: nígbà mìíràn, ìwé á ní wọ́n yẹ kọ̀ńténà wò ní aago 8:12, régísítà á sì ní aago 9:40 ló wọlé.

Ọ̀rọ̀ síìlì wá kàn. Síìlì tó yẹ ni èyí tó bá ìlànà ISO 17712 mu, tí lẹ́tà H wà lára rẹ̀. H yìí túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá ń fà á, ó gbọ́dọ̀ lè gba agbára tó tó kilonewton 10, ìyẹn bí ẹni pé nǹkan tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan rọ̀ mọ́ ọn. Síìlì ike àti ti wáyà tín-ínrín kò sí ní ìpele yìí, bó ti wù kí nọ́ńbà ara wọn dára tó. Ibi tí ẹ ó fi í sí ni ìsàlẹ̀ ọ̀pá gígùn tó súnmọ́ àárín jù lára ilẹ̀kùn ọ̀tún, bí kọ̀ńténà bá ní ojú síìlì níbẹ̀. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n ń lu rífẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ọ̀pá kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Dírẹ́bà kò gbọdọ̀ bá yín fi síìlì sí i, kódà bí òjò bá ń rọ̀.

Ìṣe mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ lọ́wọ́: wò ó, fi í wé ìwé, fà á, yí i. Wíwò ni pé kò sí ojú ibi tí wọ́n ti gé e tàbí tí wọ́n ti fi gúlúù sí i. Fífi wé ìwé ni pé kí ó ka nọ́ńbà lára síìlì sókè ketekete, kí ẹnì kejì máa wo ìwé. Bí ẹnì kan náà bá ń ka ara síìlì tó tún ń wo ìwé, ojú rẹ̀ á rí ohun tó ti ń retí. Bí nọ́ńbà bá wà lára ìdí àti orí síìlì, kí méjèèjì bára mu. Kí ó wá fà á wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, kí ó sì yí i sí ọ̀tún àti sí òsì. Síìlì tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì lẹ̀ padà máa ń ya nígbà yíyí, tàbí kí orí rẹ̀ máa tú bíi bóòtì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò ó nìkan. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ọwọ́ gbọ́dọ̀ kàn án.

Ìṣirò síìlì kò gba ju ìdajì wákàtí lọ, ó sì máa ń já ọ̀rọ̀ síta ju wákàtí mẹ́ta ìbéèrè lọ. Ká sọ pé ìwé ọjà fi hàn pé ilé-iṣẹ́ ra síìlì 500. Bill of lading fi hàn pé wọ́n lo 312. Régísítà ní mẹ́fà bàjẹ́. Ó yẹ kí 182 kù nínú dúrọ́ọ̀. Olùyẹ̀wò kà á, ó bá 179. Síìlì mẹ́ta tó jẹ́ ojúlówó, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lára rẹ̀, ti bọ́ sí ìta. Ẹ má gbà kí wọ́n sọ pé "ó lè jẹ́ pé ó bàjẹ́." Èyí tó bàjẹ́, àfọ́kù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí kan pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ. Kí ó tún béèrè ẹni mélòó ló ní kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ náà, kí ó sì wo bóyá wọ́n ń gbé síìlì márùn-ún mẹ́wàá fún alábòójútó ìkẹ́rù lẹ́ẹ̀kan náà "kí iṣẹ́ lè yá". Síìlì kan fún kọ̀ńténà kan, nígbà tí àpò bá pé, ni ó yẹ kó jáde.

Nọ́ńbà ara kọ̀ńténà náà ní ohun tí ẹ lè fi dán an wò, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò mọ̀. Lẹ́tà mẹ́rin, nọ́ńbà mẹ́fà, àti nọ́ńbà ìparí kan tó ń jẹ́rìí sí àwọn tó ṣáájú. Ẹ wo CSQU3054383. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀: A jẹ́ 10, B jẹ́ 12, a ó sì máa fo 11, 22 àti 33. Nítorí náà C jẹ́ 13, S jẹ́ 30, Q jẹ́ 28, U jẹ́ 32. Ẹ sọ àkọ́kọ́ di ìlọ́po 1, èkejì ìlọ́po 2, ẹ̀kẹta ìlọ́po 4, ẹ̀kẹrin ìlọ́po 8, kí ẹ máa ṣe é ní ìlọ́po méjì méjì lọ títí dé 512 fún ẹ̀kẹwàá. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: ó jẹ́ 6,185. Ẹ fi 11 pín in: ó wọ̀ ọ́ lọ́nà 562, ó ku 3. Nọ́ńbà ìparí jẹ́ 3, ó bára mu. Bí ó bá ku 10, òdo ni wọ́n ń kọ. Kọ̀ǹpútà lè ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè mọ ìdí tí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì kọ fi ń tú àṣírí ìwé ayédèrú tàbí ti akọ̀wé tó ń sáré.

Ìwọ̀n ńkọ́? Láti July 1, 2016, kò sí kọ̀ńténà tó ní ẹrù nínú tó gbọdọ̀ gun ọkọ̀ ojú omi láìsí ìwọ̀n tí wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, VGM. Ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n gbé odindi kọ̀ńténà lé òṣùwọ̀n, tàbí kí wọ́n wọn àpò, igi àti bébà, kí wọ́n sì fi ìwọ̀n òfìfo tó wà lára ilẹ̀kùn kún un. Ẹ jẹ́ ká ṣírò: àpò kòkó 200, ìkọ̀ọ̀kan kílò 62.5, ó jẹ́ 12,500. Àpò òfìfo fúnra rẹ̀ bíi kílò kan kan, 200. Bébà àti ohun tó ń fa omi, ká ní 50. Òfìfo kọ̀ńténà, ká ní 2,230. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 14,980. Òṣùwọ̀n ní èbúté wá ka 15,060. Ṣé kílò 80 yìí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀? Kò dájú. Ọ̀rinrin inú kòkó àti àṣìṣe òṣùwọ̀n tírélà lè gbé e. Ṣùgbọ́n kílò 80 kokéènì náà lè sá sábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ́ olùyẹ̀wò láti gbára lé ìwọ̀n nìkan. Kí ó sì mọ ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ lò: ọ̀nà kejì kò wọn kọ̀ńténà rárá, ohun tí ẹnì kan bá jù sí i lẹ́yìn ìṣirò kò ní hàn níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, ìwé ni wọn yóò tẹ̀ lé. Kí wọ́n mú ẹrù kan tó ti lọ ní oṣù méjì mẹ́ta sẹ́yìn, kí wọ́n sì to àkókò rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ìgbà tí òfìfo wọlé, ìgbà tí ìkẹ́rù bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, ìgbà tí síìlì wọlé, ìgbà tí tírélà jáde, ìgbà tó dé páàkì, ìgbà tó wọ èbúté. Wákàtí tí kò ní orúkọ ni kí wọ́n wá. Bí tírélà bá kúrò ní Àkúrẹ́ ní àárọ̀, tó gba Ọ̀rẹ̀ àti Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò sì dé páàkì títí di ọjọ́ kejì, ibo ló sùn, ta ló wà lára rẹ̀, ta ló fọwọ́ sí i? Kí wọ́n tún fi orúkọ dírẹ́bà àti nọ́ńbà ọkọ̀ inú régísítà géètì wé lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kọ ránṣẹ́ ṣáájú. Ibi tí ó ti máa ń wó nìyí: ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tí ẹ bá ṣàdéhùn á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, onítọ̀hún á tún gbé e fún ẹnì kẹta, ọkọ̀ tó dé géètì yín kò sì sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Olùyẹ̀wò ni kí ó fúnra rẹ̀ yan ẹrù tí yóò tẹ̀ lé. Bí kọ̀ńténà 60 bá jáde ní oṣù mẹ́ta, kí ó mú bíi méjìlá, kí ti òpin ọ̀sẹ̀, ti alẹ́ àti ti ọ̀sẹ̀ ọdún wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí kì í yan ẹrù tó bàjẹ́ fún àyẹ̀wò.

Lórí ọ̀rọ̀ èèyàn, kí ó gba orúkọ àwọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kí ó fi wé àwọn káàdì géètì àti àwọn tó ṣì lè wọ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí wọn kì í bá ẹnì kan. Àwọn alábàárù ojoojúmọ́ ńkọ́, tí ẹni gbogbo mọ̀ sí Bàbá Ṣìkírà àti Kòlápọ̀ Kékeré? Orúkọ gidi, fọ́tò àti ẹni tó dúró fún wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kan kí wọ́n tó gbé àpò kan wọ inú kọ̀ńténà. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ olè. Àwọn gan-an ni wọn yóò kọ́kọ́ mú bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìwé yìí ló máa gbà wọ́n.

Ẹni tó rò pé kọ̀ǹpútà kò kan ọ̀rọ̀ kọ̀ńténà, kí ó rántí Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù. Láàárín 2011 sí 2013, àwọn oníṣòwò oògùn olóró gba àwọn ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà síṣẹ́, wọ́n wọ inú ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté náà, wọ́n rí ibi tí kọ̀ńténà wà àti nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń gbé e, wọ́n sì rán dírẹ́bà tiwọn wá gbé e kí olówó ẹrù tó dé. Nígbà tí wọ́n tì wọ́n mọ́ ìta, wọ́n fọ́ ọ́fíìsì, wọ́n lọ fi ẹ̀rọ kéékèèké tó ń ka ohun tí èèyàn ń tẹ̀ sára àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Nítorí náà, kí olùyẹ̀wò wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà bó ṣe ń wo ìsàlẹ̀ kọ̀ńténà, kí ó sì béèrè ẹni mélòó ló ń rí í-meèlì tí nọ́ńbà ìgbẹ́rù wà nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì. Ẹ kọ́ wọn láti má máa sọ pé "Ṣé ẹ máa ń...?" Kí wọ́n máa sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi hàn mí bí ẹ ṣe ṣe ti àná." Kí wọ́n kí èèyàn dáadáa, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n wá ṣe, kí wọ́n lọ bá ẹ̀ṣọ́ alẹ́ ní alẹ́. Ẹ̀ṣọ́ tó jẹ́ bàbá ẹni ọdún mẹ́ta-dín-lọ́gọ́ta, bí ọmọdé bá dojú ìbéèrè kọ ọ́ láìkí i, kò ní sọ ibi tí ọgbà ti lanu fún un.

Bí wọ́n bá wá rí nǹkan nínú kọ̀ńténà nígbà àyẹ̀wò ńkọ́? Kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má ṣí i, kí wọ́n má sì gbé e kúrò. Kí gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn, kí wọ́n ti géètì, kí wọ́n pe ọ̀gá pátápátá tààrà láìgba ọwọ́ ilé ìkẹ́rùsí, kí òun sì pe NDLEA àti Kọ́sítọ̀ọ̀mù. Kí wọ́n kọ àkókò gbogbo ìpè yẹn sílẹ̀.

Ìròyìn àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ṣeé gbá mú. "Ààbò síìlì kò dára tó" kì í ṣe ìròyìn. Ìròyìn nìyí: ìlànà ilé-iṣẹ́ ní kí ẹni tó gba síìlì fọwọ́ sí i, nínú síìlì 40 tí a yẹ̀ wò, 7 kò ní orúkọ, nọ́ńbà wọn àti fọ́tò ojú ewé náà nìyí, ìdí rẹ̀ ni pé régísítà wà ní ọ́fíìsì òkè, àgbàlá sì jìnnà sí i. Ẹ kíyè sí ìdí yẹn. Bí ẹ bá kọ "àìbìkítà ẹ̀ṣọ́", ẹ ó lé ẹ̀ṣọ́ lọ, régísítà á ṣì wà lókè, ẹ̀ṣọ́ tuntun á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé régísítà wá sí àgbàlá. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, kí olùyẹ̀wò padà lọ ka síìlì 40 mìíràn kí ó tó pa ọ̀rọ̀ náà dé.

Ìdánwò ìkẹyìn, inú àgbàlá náà ni. Ẹ gba kọ̀ńténà òfìfo kan, kí ẹ fi àṣìṣe márùn-ún pamọ́: ògiri páláńkì tí ẹ kùn ní àwọ̀ irin, bóòtì kan níbi rífẹ́ẹ̀tì, síìlì tí nọ́ńbà kan nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìwé, káàdì òṣìṣẹ́ kan tó ti lọ tó ṣì ń ṣí géètì, àti wákàtí mẹ́fà tó sọnù nínú régísítà. Ẹ fún wọn ní àárọ̀ kan. Ẹni tó bá rí mẹ́rin, kí ó tẹ̀ lé olùyẹ̀wò tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dá lọ. Ẹni tí kò bá rí ògiri, kí ó tún ọjọ́ kejì ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ohun yòówù kó rí nínú ìyókù. Ẹ tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí ẹ sì yí ibi tí ẹ fi nǹkan pamọ́ sí padà, torí àwọn tó ti ṣe é á ti sọ fún àwọn tó ń bọ̀.